Ìwé Tó Ń Rùn Bí Irú

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. A gbé e síbí fún ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè wá.

Mo mọ̀ pé ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ pẹ́ níwájú àgbà, pàápàá ọmọ tí kò tíì jáde yunifásítì. Àmọ́ ẹ̀yin náà lẹ ní kí n wá ṣàlàyé ibi tí owó tí ẹ fọwọ́ sí fún wa wọlé sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan ibi tí kò dáa.

Nígbà tí a gbé ètò wa wá sí ìpàdé tó kọjá, tí a ní a fẹ́ fi ọlidé ka ìwé fún àwọn ọmọ kéékèèké, ká fi kọ́ wọn nípa ojú, etí, imú, ahọ́n àti ara tó ń mọ ìfọwọ́kàn, ẹ̀rín lẹ fi dá wa lóhùn. Bàbá wa kan dìde, wọ́n ní, "Ọmọ wo ni kò mọ̀ pé imú lòun fi ń gbóòórùn?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ náà dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mi ò rí oorun sùn. Ìbéèrè gidi ni bàbá bi wá. Kí ló wà níbẹ̀ tó yẹ kéèyàn náwó lé lórí?

Ẹ wọ kíláàsì nọ́sìrì tó bá wù yín, ẹ ó rí i. Tíṣà á na ọ̀pá sí àwòrán ara ògiri, àwọn ọmọ á fi Gẹ̀ẹ́sì pariwo orúkọ ẹ̀yà ara márààrún bí ẹni ń kọrin. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọn ò ṣì í rárá. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ kó wọn jọ, mo ní kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, mo wá bi wọ́n pé, "Kí lẹ ń gbọ́ báyìí?" Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ ẹ̀yà ara márààrún. Bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ń gúnyán nílé ẹ̀gbẹ́ wa, ọ̀kadà ń kọjá lójú títì, àkùkọ sì ń kọ lórí ògiri. Kò sí ọmọ tó dárúkọ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ní etí, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún wọn rí pé ohun tí etí bá gbọ́ jẹ́ ohun tí a lè mẹ́nu bà nínú kíláàsì. Ìdáhùn mi sí bàbá wa nìyẹn.

Ìwé tí a kọ́kọ́ lò ni My Five Senses. Aliki ló kọ ọ́, òun náà ló ya àwòrán rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, láti 1962 ló sì ti wà níta. Ẹ̀gbọ́n wa kan ló fi ránṣẹ́. Ìwé náà ò gùn, gbólóhùn rẹ̀ ò le. Ọmọ kan ló ń sọ ohun tó ń rí, èyí tó ń gbọ́, èyí tó ń tọ́ wò. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò dúró síbi ká máa ka orúkọ. Ó fi han ọmọ pé nígbà mìíràn ọ̀kan péré là ń lò, nígbà mìíràn a máa ń lo méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a ṣe ka ibẹ̀ tán, mo bi wọ́n pé bí ìyá wọn bá ń dín àkàrà, kí ni wọ́n fi ń mọ̀? Ọmọbìnrin kan ní òun á ti gbọ́ "ṣàà" inú epo kí òun tó rí nǹkan kan. Èkejì ní irọ́ ni, òórùn ló ń kọ́kọ́ dé. Ẹ̀kẹta ní kò sí èyí tó dé, àbúrò òun ló ń wá sọ fún òun. Ni iyàn bá bẹ̀rẹ̀. Mo kàn jókòó, mo ń wò wọ́n. Ọmọ tó bá ti ń jiyàn lórí ohun tó kọ́kọ́ mọ̀ àti ohun tó fi mọ̀ ọ́n ti wọ inú sáyẹ́ǹsì, kò tíì mọ̀ ni.

Ìwé kejì ni Brown Bear, Brown Bear, What Do You See? Bill Martin Jr. ló kọ ọ́, Eric Carle ló ya àwòrán rẹ̀, 1967 ló jáde. Àwọn méjèèjì tún ṣe òmíràn ní 1991, nípa béárì funfun inú yìnyín àti ohun tó ń gbọ́. Ìbéèrè kan náà ló ń ti orí ẹranko kan bọ́ sí orí òmíràn, kí o tó ṣí ojú ewé kẹta, ọmọ á ti há a sórí. Àmọ́ ká má tanra wa, ta ló ti rí béárì rí nílùú wa? Ọmọ kan bi mí bóyá ajá olówó ni. A mú ọgbọ́n inú ìwé, a dá béárì padà sílé rẹ̀. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ewúrẹ́, pẹ́pẹ́yẹ àti àkùkọ la bẹ̀rẹ̀ sí í bi léèrè. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló fi ọlọ́kadà àti ìyá oníṣu kún un.

Èyí tó wọ̀ wọ́n lára jù ni Baby Goes to Market, tí Atinuke kọ, tí Angela Brooksbank sì ya àwòrán rẹ̀. Ó jáde ní 2017. Ọmọ Nàìjíríà ni Atinuke, Wales ló ń gbé. Ẹ wo bí ojú àwọn ọmọ ṣe là nígbà tí wọ́n rí ọjà tó jọ ọjà wọn nínú ìwé olówó ńlá! Ìyá pọn ọmọ lọ sọ́jà. Àwọn ọlọ́jà ń fún ọmọ ní nǹkan: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà, ọsàn márùn-ún, chin-chin mẹ́rin, àgbàdo mẹ́ta, àgbọn méjì. Ọmọ á jẹ ọ̀kan, á ju ìyókù sínú apẹ̀rẹ̀ orí ìyá rẹ̀, ìyá ò sì mọ nǹkan kan. Oǹkà ni ìwé náà ń kọ́ni, kì í ṣe imú àti ahọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo bi wọ́n pé: ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn, ṣé ó ń rí iwájú? Wọ́n ní rárá, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ló ń rí. Kí ló wá fi ń mọ̀ pé wọ́n ti dé ìsọ̀ ẹlẹ́ja? Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tí gbogbo wọn fi dìmú.

Lọ́jọ́ ọjà, a kó wọn lọ sí ọjà wa gan-an. Méjìméjì ni wọ́n ń di ọwọ́ ara wọn mú, ẹnì kan di ojú, èkejì ń mú un rìn, àgbà kan sì ń tẹ̀ lé wọn. Ìdí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan la ti ń dúró kí ẹni tó dijú sọ ibi tí a wà. Ìsọ̀ elẹ́lùbọ́ ló le jù fún wọn. Ìyá alẹ́lùbọ́ náà ní àwọn ò mọ̀ pé ọjà àwọn ò lóòórùn, ó dùn wọ́n díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ èdè, torí ó kan ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun. Nígbà tí a ń gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé wọ̀nyí ní Yorùbá ni mo rí ohun tí mi ò fiyè sí rí. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún iṣẹ́ etí, ó ní òmíràn fún iṣẹ́ imú. Àwa ńkọ́? A gbọ́ ìró, a gbọ́ òórùn. Etí ń gbọ́, imú náà ń gbọ́. Èdè tí ó yé wa, a ní a gbọ́ ọ. Ẹ tún wá wo "wò" yìí: a tọ́ ọbẹ̀ wò, a fọwọ́ kàn án wò, a gbóòórùn rẹ̀ wò, a gbọ́ ọ wò. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ọmọ, ọmọ ọdún mẹ́fà kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ahọ́n náà ní ojú ni?" Títí di ìsinsìnyí, mi ò tíì rí èsì fún un.

Tí a bá tún fẹ́ sọ bí nǹkan ṣe rí lára, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wa ju ti inú ìwé lọ. Pupa nìkan kọ́, pupa fòò. Tutù nìkan kọ́, tutù nini. Ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó ta sánsán, ó dùn yùngbà. Ọmọ tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ "múlọ́múlọ́" nígbà tó ń fọwọ́ pa òwú, ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ ti jọ kọ́ nǹkan náà pọ̀. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ yín jẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ìwé olówó ò lè tó wa, òótọ́ nìyẹn. Láti 1940 ni Dorothy Kunhardt ti ṣe ìwé kan ní Amẹ́ríkà, Pat the Bunny, tí ọmọ á fọwọ́ pa irun ehoro nínú rẹ̀, tí á tún fọwọ́ kan irùngbọ̀n bàbá tó ń gún ni. Mo ní bí wọ́n bá lè fi ehoro ṣe é, kí ló dé tí àwa ò lè fi ohun ilé wa ṣe é? A wá páálí, a gé e, a fi okùn so ó pọ̀. Àwọn télọ̀ fún wa ní àjákù àdìrẹ àti aṣọ òkè. Àwọn onílù fún wa ní àjákù awọ. A lẹ òwú mọ́ ojú ewé kan, a lẹ kànrìnkàn mọ́ òmíràn. A wá di irú sínú aṣọ kékeré, a rán an mọ́ ojú ewé imú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, gbogbo yàrá tí a ń kó ìwé sí ti ń rùn. Ìyá kan wá mú ọmọ wọn, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìwé lẹ ń kà àbí ọbẹ̀ lẹ ń sè?" Orúkọ tí ìwé náà ń jẹ́ nílùú títí di òní nìyẹn: ìwé tó ń rùn bí irú.

Ti irú ò tiẹ̀ le. Ata ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo dá a lábàá pé ká di ata gígún sínú aṣọ kan. Ọmọ kan tú u, ó fọwọ́ ra ojú. Ẹ mọ ìyókù. A fi omi ṣan ojú rẹ̀ títí, mo sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ata nínú ìwé wa mọ́. Ní ti ahọ́n, a kì í fún ọmọ ní nǹkan tọ́ wò láìjẹ́ pé a ti bi òbí rẹ̀ ohun tí kì í bá a lára mu, pàápàá ẹ̀pà. Iyọ̀, oyin, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ewúro ni a ń lò, ṣíbí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́tọ̀.

Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní ká gbé ìwé náà wá. Ọwọ́ ni wọ́n fi kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò ṣi ojú ewé kan. Nígbà tí wọ́n dé ibi aṣọ òkè, wọ́n ní, "Ẹni tó hun èyí ò fà á le." Àwọn ọmọ ò gbàgbé rẹ̀.

Ó ku ohun tó mú mi dìde lónìí.

Mi ò ní dárúkọ ọmọ náà, mi ò sì ní sọ àdúgbò rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Kí wọ́n tó mú un wá ni wọ́n ti kìlọ̀ fún wa: olóríkunkun ni, bí ẹ bá pè é, kò ní jẹ́ yín lóhùn. Nílé ìwé, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi í sí, ẹgba sì ń bá a jókòó níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a dé orí ọ̀rọ̀ etí, a ní kí àwọn ọmọ dijú. A ń dúró lẹ́yìn wọn, a ń lu agogo, a ń mi ṣẹ́kẹ́rẹ́, a ń run bébà lọ́wọ́, a ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọ á nàka sí ibi tí ìró ti ń bọ̀. Ọmọ yìí nàka sí ìlù. Ó nàka sí agogo, àmọ́ ọ̀tún ló nà án sí, bẹ́ẹ̀ òsì ni agogo wà. Ti bébà àti wúyẹ́wúyẹ́, kò nàka sí ibì kankan, ńṣe ló kàn dijú pinpin, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń fi wá ṣeré ni. Mo jágbe mọ́ ọn. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo jágbe mọ́ ọn níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní ọ̀tún, ní òsì, láìjẹ́ kí ọmọ rí ẹnu òun. Àbájáde kan náà ni. A wá rántí pé ní ọjọ́ ojú, ní ọjọ́ ọwọ́ àti ní ọjọ́ ahọ́n, òun ló ń yá jù nínú gbogbo wọn.

A lọ bá ìyá rẹ̀ nílé lálẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Etí kan ti ń ṣọyún tipẹ́, ìdọ̀tí etí sì ti dí èkejì pa. Wọ́n fọ èyí tó dí, wọ́n fún un lóògùn fún èkejì, a sì ṣì ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Iwájú ló ń jókòó báyìí. Lójú ọ̀nà nígbà tí à ń bọ̀, ọmọ náà bò etí nítorí fèrè ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ohun tí wọ́n ń sọ ṣáá ni, "Mo ti nà án jù."

Ẹ̀yin àgbà, owó tí ẹ fọwọ́ sí fún ìwé, inú rẹ̀ la ti mú owó ọkọ̀, owó káàdì àti owó oògùn ọmọ yìí. A ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí ìpàdé ṣì jìnnà. Àwọn rìsíìtì wà lọ́wọ́ akápò. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí a rà fi dín sí iye tí a kọ sínú ètò. Bí ẹ bá fẹ́ bá wa wí, èmi ni kẹ́ ẹ bá wí, èmi ni mo ní ká ná an.

Mi ò sọ pé eré tí a ṣe lábẹ́ igi jẹ́ àyẹ̀wò etí o. Eré ni. Àmọ́ eré náà jẹ́ ká rí ohun tí ọgbà ilé ìwé ò rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú ọmọdé, bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àìgbọ́ràn ló jẹ́ èyí tí a lè dènà. Ọ̀kan nínú ohun tó ń fà á ni irú etí tó ń ṣọyún tí wọn ò tètè tọ́jú. Nítorí náà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má da epo sí ọmọ létí, ẹ má ti ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi ìṣáná bọ̀ ọ́. Bí ọmọ bá ń béèrè "kí lẹ wí?" lemọ́lemọ́, bó bá ń wo ẹnu yín kó tó dáhùn, tàbí tó ń gbé fóònù sétí kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ gbé e lọ síwájú dókítà kẹ́ ẹ tó pè é ní olóríkunkun. Ojú náà ńkọ́? Ọmọ méjì ni a rí tó ń gbé ìwé sún mọ́ imú nígbà tí a ń ka ìwé àwòrán. A ti sọ fún àwọn òbí wọn.

Ohun tí a ń tọrọ ò pọ̀. Àkọ́kọ́, ká tó bẹ̀rẹ̀ ọlidé tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ jẹ́ ká pe àwọn elétò ìlera wá yẹ etí àti ojú àwọn ọmọ wò fún ọjọ́ kan, kí owó rẹ̀ sì dá wà, kó má jẹ́ owó ìwé la ó tún máa bù. Èkejì, ẹ̀yin tó wà lókè òkun, bí ẹ bá ń bọ̀ wálé, ìwé ọmọdé méjì nínú báàgì yín ò wúwo. Èyí tí ọmọ yín ti kà tán náà dáa, a ò béèrè tuntun.

Ẹ̀kẹta ò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ ká ohùn ibi tí ẹ wà sórí WhatsApp, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ: ọkọ̀ ojú irin Lọ́ńdọ̀nù, ọjà Òyìngbò, bàtà yín lórí yìnyín, ohunkóhun. Ẹ má sọ ohun tó jẹ́. Àwọn ọmọ ni yóò fi etí mọ̀ ọ́n, a ó sì fi ìdáhùn wọn ránṣẹ́ padà sí yín. Èyí tí ẹ̀gbọ́n wa kan fi ránṣẹ́ láti Houston, wọ́n ní ẹ̀rọ ìlọta ni. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni.

Páálí tí ẹ bá sì ní nílé, ẹ má jù ú nù, ẹ gbé e wá sí ilé ìpàdé. Irú, a ó máa rà fúnra wa.